Fẹ̀gbẹ́kọjá: ọjọ́ márùn-ún tí mo fi wá àdúgbò tí wọ́n bí mi sí

Ọjọ́bọ̀

Mọ́níyà ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, mo sì rí ààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí a dúró ní Abẹ́òkúta, obìnrin tó jókòó tì mí ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ náà, orúkọ yẹn náà ló sì dá fún ọmọ rẹ̀ pé ibẹ̀ lòun dé. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà: "Níbo nìyẹn?" Obìnrin náà pòṣé. "Abẹ́òkúta ni, jàre."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tí mo torí ẹ̀ ń lọ sí Èkó gan-an nìyẹn.

Pópó Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, ní ilé kan tó kọjú sí Òpópónà Bámgbóṣé, kò jìnnà sí Campos. A kúrò níbẹ̀ ní 1981 nígbà tí bàbá mi ríṣẹ́ sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, òkú àti ìgbéyàwó nìkan ló ń gbé mi dé erékùṣù Èkó, ẹni tó bá sì wá síbi ìnáwó kì í rí àdúgbò. Kànópì ló ń rí. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bá ìnáwó kankan wá. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo fẹ́ mọ èwo ló kù nínú àwọn ọ̀nà tí mo mọ̀, èwo ni wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà, àti èwo ni ilẹ̀ ti gbé mì.

A sọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, orúkọ gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni mo ti wọ dánfó lọ sí Sùúrùlérè, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Kọ̀ńdọ́ ń fọhùn rara: "Ojúẹlẹ́gba, Stadium, Western!" Ọ̀nà tó ń pè ní Western yìí, Funsho Williams Avenue ló ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba, orúkọ olóṣèlú tí wọ́n pa ní July 2006. Kọ̀ńdọ́ náà kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ, kò bá Western nínú ìwé kankan. Ẹnu ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Màmá Sùúrùlérè ni gbogbo wa ń pe àbúrò ìyá mi yìí. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dá mọ́, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ pé bíi ti ọmọdé. A jẹ ẹ̀bà tán, mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó já kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri, ó dojú ẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n fún òun ní pẹ́ńsù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé.

Kì í ṣe Pópó Àgùdà ló ń yà o. Ilé bàbá wọn ni, èyí tí òun àti ìyá mi dàgbà sí kí wọ́n tó kó wọn wá sí Sùúrùlérè.

"Mo ti ń di ọlọ́mọge nígbà tí àwọn Eléèdíbíì dé," ó wí, bí ẹni ń dárúkọ eégún kan. L.E.D.B. ni, ìyẹn Lagos Executive Development Board. Àjọ tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928 ni, lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa èèyàn jọ ní Èkó, pé kí wọ́n máa tún ìlú tò. Ní 1955 ni wọ́n gbé ètò kalẹ̀ láti wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín Èkó palẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ há, ó dọ̀tí, kò yẹ olú ìlú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbòmìnira. Wọ́n kọ́ àwọn ilé kéékèèké sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n bá lé. Wọ́n ní tí wọ́n bá tún ibẹ̀ kọ́ tán, onílé lè wá ra ilẹ̀ rẹ̀ pa dà.

"Owó tí wọ́n san fún wa ńkọ́, ṣé ó tó èyí tí wọ́n ní ká mú wá?" Màmá kò dúró kí n dáhùn. "Ta ló rí i rà?"

Ìyá wọn ń ta ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà. Ẹnu ọ̀nà ilé ni ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n dé Sùúrùlérè, ó tún gbé ìkòkò kaná, kò sẹ́ni tó yà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni gbogbo àdúgbò ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, alẹ́ ni wọ́n ń dé. Òun náà gbìyànjú kó máa gbé ẹ̀kọ wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìkòkò ẹ̀kọ nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi ṣe é.

Mo wo àwòrán náà. Ilé wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, kànga wà níbẹ̀, igi kan wà tí n kò mọ irú èyí tó jẹ́. Mo fi ìka kan ọ̀nà tó gba àárín wọn kọjá, mo bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.

"Ọ̀nà ilé wa ni."

"Orúkọ tí ìjọba ń pè é ńkọ́, mà?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè orúkọ tí ìjọba sọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Màmá ní òun á bá mi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó wọ ìró àti bùbá, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. A dúró ní ìkóríta, takisí kan dé, Màmá jókòó síwájú ó sì pàṣẹ: "Gbé wa lọ sí Vitóríà."

"Ẹ wọlé, mà," ni awakọ̀ wí. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, orin ẹ̀mí ló ń gbọ́.

A gun afárá Èkó. Èmi ń ka nǹkan lórí fóònù mi, Màmá ti ń tòògbé. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọkọ̀ ti ń sáré lójú Outer Marina, Onikan ti ń kọjá, a ti wà lórí afárá Independence, omi wà lápá òsì, omi wà lápá ọ̀tún, Bonny Camp ló kọjú sí wa. Màmá jí.

"Níbo lò ń gbé mi lọ?"

"Victoria Island, mà."

"Ta ló dárúkọ Áílándì fún ẹ? Vitóríà ni mo ní! Òpópónà Vitóríà, lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ńlá!"

Awakọ̀ wò mí nínú dígí. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Mo ní Nnamdi Azikiwe Street ni Màmá ń wí. Ó lu sítíárì. "Ìdúmọ̀tà! Àbí ẹ̀yin náà ẹ ò lè sọ pé Ìdúmọ̀tà?"

Nǹkan tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn. Victoria Street ni orúkọ ọ̀nà náà nígbà òyìnbó, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọbabìnrin wọn, wọ́n fún Azikiwe. Ìyá àgbà ń pe ti ọbabìnrin, ìwé ń pe ti Azikiwe, awakọ̀ ò pe èyíkéyìí. Orúkọ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé ló ń pè. Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò: "ìdúmù" tó wà níwájú wọn, èdè Ẹ̀dó ni, àdúgbò ló túmọ̀ sí, láti ìgbà tí Bìní ti ní agbára ní Èkó. Èyí tó dàgbà jù ni ọmọ tó kéré jù mọ̀.

A ní láti gba Ọbáléndé pa dà. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ gbà wá mú, Màmá sì rí àkókò láti kọ́ awakọ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ṣé ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ní Ọbáléndé? Ọmọ náà ní rárá, mà. "Àwọn tí ìjọba lé kúrò nílé wọn ló ní *ọba lé wa dé ibí*." Ó ní nígbà òun, omi ló wà láàárín Èkó àti Ìkòyí, odò tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ MacGregor ní kí wọ́n gbẹ́. Wọ́n ti dí i. Awakọ̀ wo títì, ó wo Màmá, ó ní, "Omi, mà? Níbí?"

Nígbà tí a sọ̀, ó béèrè owó lé owó. Màmá ní: "Ọmọ mi, owó ilé-ìwé lo jẹ mí." Mo fún un lówó náà lẹ́yìn Màmá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì ti bo ojú títì níwájú mọ́ṣáláṣí, a kò lè kọjá. A yà sí Tinúbú. Nígbà òmìnira, Independence Square ni wọ́n sọ ibẹ̀. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, títí kan bàbá mi tó fẹ́ràn òmìnira púpọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀, ilé alájà kan tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba pa dà wálé, kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, wọ́n sì wó o ní ọjọ́ Àìkú kan ní September 2016. Mo rántí àwọn òpó rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ lókè bí ìpéǹpéjú. Màmá dúró wo ojú ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Mo ra omi fún un, a jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Broad Street. Ìtàn tèmi nìyí nípa Broad Street. Ilé ìtẹ̀wé tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Yakubu Gowon Street ni wọ́n sọ ọ́, ohun tí tíṣà sì kọ́ wa nìyẹn nígbà tí a ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà: kí a kọ àdírẹ́sì sí apá ọ̀tún lókè. Mo kọ ọ́ títí ọwọ́ mi fi mọ́ ọn. Ní July 1975, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon, kò sì pẹ́ tí òpópónà fi pa dà sí Broad Street. Èmi tún kọ Gowon sínú lẹ́tà ìdánwò. Tíṣà fi báírò pupa fa ìlà sí i, ó gbá mi lórí. Ní ilé, bàbá mi ní kí n má dá wọn lóhùn, pé òun ò kọ nǹkan mìíràn ju Broad Street lọ lára àpòòwé rí, lẹ́tà òun sì ń dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Èmi nìkan ni mo lọ lónìí. CMS ni mo ti sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí mo dúró sí yẹn, àwọn bàbá wa kò ní pè é ní Marina, Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì ni wọ́n ń wí, omi sì súnmọ́ ọn ju báyìí lọ kí wọ́n tó da iyanrìn sínú ọ̀sà láti fi la títì mìíràn. Mo gba Kakawa kọjá. Water House àwọn Da Rocha ṣì wà níbẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń ta omi fún ará Èkó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ènìyàn bá ń náwó yàlà, wọ́n á bi í pé ṣé òun ni Da Rocha ni.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ìlú mi. Bámgbóṣé, Tókunbọ̀, Igbóṣeré, Campos: kò sí èyí tí wọ́n pa dà nínú wọn. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Àwọn Àgùdà ló tẹ àdúgbò náà dó, bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe fi wà lára fèrèsé àwọn ilé tó kù. Wọn ò pọ̀ mọ́. Ọjọ́ Good Friday, gbogbo àdúgbò máa ń rùn fún fùréjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Mùsùlùmí ni wá, a ṣì ń gba tiwa nínú abọ́ láti ilé kejì.

Orúkọ òpópónà wà, àwọn ilé ni ò sí. Ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ẹ̀, alájà mẹ́rin, alájà márùn-ún, bàtà, páànù, àpò, bàtà. Mo rìn kọjá ilé wa lẹ́ẹ̀mejì n kò mọ̀. Ẹbí ta ilé náà lẹ́yìn tí bàbá bàbá mi kú, ẹni tó rà á sì wó o. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà lódìkejì ni mo fi mọ ojúde wa.

Ohun tí mo wá gan-an kò sì sí lára pátákó kankan rí. Láàárín ilé wa àti ilé tó tẹ̀ lé e, àlàfo kan wà tó gba èèyàn kan, tó bá fẹ̀gbẹ́ rìn. Òun la fi ń já sí ẹ̀yìn, títí a fi máa bọ́ sí Igbóṣeré láì yí ká. Fẹ̀gbẹ́kọjá la ń pè é, àwa ọmọdé. Ilé wa fi ẹfun kun ara ògiri, ti ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ bíríkì pupa tí wọn kò rẹ́. Tí o bá fẹ̀yìn ti ọ̀dọ̀ wa kọjá, ẹfun á kun ẹ̀yìn aṣọ rẹ. Tí o bá fẹ̀yìn ti ọ̀dọ̀ wọn, ó di pupa. Ìyá mi kì í bi wá pé níbo la gbà. Á ní ká yíjú pa dà. Tó bá rí funfun, ó mọ̀ pé a rọra lọ. Tó bá rí pupa, ó mọ̀ pé eré la sá, nítorí ẹni tó ń sáré ni kì í ráyè yan ògiri.

Ilé tuntun náà ti sún dé ààlà. Àlàfo tó kù kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sínú ẹ̀, ọ̀rá píọ́wọ́tà ti dí ìsàlẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgunpá. Mo tan iná fóònù. Ògiri ọ̀dọ̀ wọn ṣì wà! Bíríkì pupa kan náà. Mo fi èékánná họ ọ́, mo fa ọwọ́ jáde, ìyẹ̀fun pupa wà lábẹ́ èékánná mi.

"Mọ̀mí, kí lẹ ń wá níbẹ̀?" Obìnrin oníbàtà ni. "Ejò wà níbẹ̀ o."

Ọmọkùnrin méjì ti dé láti bèèrè owó fọ́tò. Mo ní ta ló ni ibẹ̀ tí wọ́n fi ń gbowó rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni ọmọ àdúgbò. Mo ní èmi náà ọmọ àdúgbò ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo fún wọn ní ẹgbẹ̀rún kan náírà.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta ayò lábẹ́ ìbòji ṣọ́ọ̀bù lódìkejì pè mí. Ọmọ ta ni mí? Mo dárúkọ ìnagijẹ bàbá mi, Oníwèé, nítorí iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n jókòó. Ó ka àwọn ẹbí wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó kú, èyí tó wà nílùú òyìnbó, èyí tó ṣe nǹkan ìtìjú ní 1979. Inú mi dùn, mo bi í bóyá ó rántí Fẹ̀gbẹ́kọjá.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo tọ́ka sí i.

"Háà, Ojú Olè lo ń wí!" Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, olè kan gba ibẹ̀ sá mọ́ ọlọ́pàá tó sanra lọ́wọ́. Ọlọ́pàá kì sínú àlàfo, ó há. Bíríkìlà ni wọ́n lọ pè. Láti ọjọ́ náà, Ojú Olè ló ń jẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Fẹ̀gbẹ́kọjá? Òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Mo bínú. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe bínú tó. Èmi tí mo ti ń yọ̀ fún ọjọ́ méjì pé orúkọ tí ìjọba fi lélẹ̀ kì í mú! Àṣé àwa ọmọ kéékèèké náà ti gbé orúkọ tuntun lé orúkọ ẹlòmíràn, láì bi ẹnì kankan. Bàbá náà fi ọmọ ayò mẹ́ta sínú ihò, ó ní kí n kí àwọn ará Ìbàdàn.

Ọjọ́ Àìkú

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Àbúrò mi kan fi ọkọ̀ gbé mi yípo Ìkòyí nírọ̀lẹ́: Kingsway Road ti di Alfred Rewane, Queen's Drive ti di Oyinkan Abayomi. N kò ní nǹkan sọ sí i. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ní iṣẹ́ níbẹ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, orúkọ yòówù kó jẹ́.

Ní alẹ́, mo ròyìn Ojú Olè fún Màmá. Mo bi í kí ni òun àti ìyá mi ń pe ibẹ̀ nígbà tó bá wá kí wa.

"Èmi?" Ó gbá ikùn rẹ̀. "Mo sanra jù ú lọ. Ojúde ni mò ń gbà."

Mo fi fóònù ya fọ́tò àwòrán ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀, ó ní kò tíì parí.

Ọjọ́ Ajé

Ọkọ̀ ojú irin ti kọjá Agége nígbà tí fóònù dún. Màmá ni, ariwo ló ń pa gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹni tí etí rẹ̀ ò dá.

"Kànga yẹn! Apá òsì ló wà! Apá ọ̀tún ni mo yà á sí. N ò lè sùn. Tún un ṣe."

Mo ní fọ́tò ló wà lọ́wọ́ mi, mà, n kò ní pẹ́ńsù.

"Kò sẹ́ni tó ní pẹ́ńsù nínú gbogbo ọkọ̀?"

Mo yá báírò lọ́wọ́ ọkùnrin tó jókòó kọjú sí mi. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì: *kànga, apá òsì, tí a bá ń ti ojúde bọ̀.* Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà.